Igi Tí Obed Là

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìrì kọ́kọ́ dì lórí koríko ni Silas Pottle kọ́kọ́ gbọ́ ọ: kò, kò, kò, àáké ń la igi lẹ́yìn ahéré. Ó jáde. Kò rí ènìyàn, kò rí igi lílà kankan, àmọ́ òórùn oje igi tútù gba imú rẹ̀ kan.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í pẹ́ létíkun Labrador. Kí wọ́n tó pa ẹja, kí wọ́n sá a gbẹ, ewé ti ń pọ́n. Bí àwọn apẹja bá sì ń kó relé, wọn kì í ti ahéré pa. Wọn a to igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọn a fi ìṣáná lé e lórí, nítorí ẹni tí òtútù bá ká mọ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, Silas fi àgádágodo sí tirẹ̀, torí pé àlejò kan jẹ ìyẹ̀fun rẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́, ẹnu ilẹ̀kùn náà ni wọ́n ti bá òkú Obed Mugford, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di àgádágodo mú.

"Obed ló ń lagi yẹn," Drusilla ìyàwó Silas sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá Netta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju àgádágodo yẹn sómi. Ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Obed kẹ̀? Ìgbà tó wà láyé, ọ̀lẹ paraku ni. Ṣé ikú ló wá kọ́ ọ níṣẹ́?"

Àáké náà dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó gbọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kó lọ, oòrùn ràn. Drusilla gbé ẹrù ẹja tó kù lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Silas wọlé lọ mú àgádágodo. Nígbà tí obìnrin náà máa fi yíjú padà, igi lílà ti dí ilẹ̀kùn láti ilẹ̀ dé àtẹ́rígbà.

"Drusilla! Òtútù! Òtútù ń pa mí o!"

Drusilla fa igi kan yọ, òmíràn bọ́ sípò rẹ̀. Ó kígbe, àwọn ará ahéré kejì sáré dé, gbogbo wọn ń fà, òógùn ń bọ́ lára wọn. Ìgbà tí ohùn Silas dákẹ́ ni igi náà tó gbà.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá a, ó gan bí ẹja iyọ̀, ìrì dídì bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Tíì tó mu kù ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí tábìlì.

Drusilla kó igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó fi ìṣáná lé e lórí, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Ohun tó sọnù kò pọ̀: ọkùnrin méjì, àti àgádágodo kan tí wọ́n sin mọ́ èkejì, torí kò ṣeé já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.