Ara Màmá Kò Yá Díẹ̀

Adégòkè ọmọ Fìdítì kì í mutí ní gbangba. Inú ike omi ló máa ń rọ ọtí sí, kí àwọn èèyàn lè rò pé omi ló ń mu. Wẹ́dà tó ń jó irin ni ní Èkó, ọ̀jáfáfá sì ni kí ọtí tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Ó ti pẹ́ tó ti tẹ ilẹ̀ Fìdítì kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó kúrò níbẹ̀, ìyá rẹ̀ da ọtí rẹ̀ nù sí ẹ̀yìnkùlé, òun náà sì ti ìyá lulẹ̀. Kò fà á dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ìyá kò fi ìgbà kan dárúkọ ìṣubú yẹn lórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bèèrè: "Àkànní, ìgbà wo lò ń bọ̀?" Adégòkè á ní ó di ọdún. Ọdún á dé, kò ní lọ. Ojú ń tì í, ọtí ló sì fi ń bo ìtìjú náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Tọ́pẹ́ àbúrò rẹ̀ pè é. "Bùọ̀dá, ara Màmá kò yá díẹ̀. Ẹ ṣáà máa bọ̀ nílé."

Ó wọ rélùwéè tó ń lọ sí Mọ́níyà, níbi tí yóò ti wọ mọ́tò lọ sí Fìdítì. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó tì í. Bíbélì wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i. Nígbà tí Adégòkè gbé ike sẹ́nu, ìyá náà wò ó.

"Ọmọ mi, omi rẹ yìí ń rùn o."

"Omi ìtura ni, Màmá."

"Omi ìtura tó ń mú ojú pọ́n báyìí, èmi kò rí irú rẹ̀ rí."

Adégòkè rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ fún un bí òun ṣe ti ìyá òun ṣubú, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun ń lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́kọ́ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ní Mọ́níyà kí ojú òun lè wálẹ̀. Tó bá di ọ̀la, òun yóò wọlé.

Ìyá náà bi í pé kí ni wọ́n sọ fún un lórí fóònù gan-an. Adégòkè sọ ọ́. Ìyá náà yíjú sí fèrèsé.

"Bí wọ́n ṣe pe èmi náà láàárọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n ní ara Fìyìnfólúwa kò yá díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ni, Abẹ́òkúta ló ń gbé."

"Ọlọ́run yóò wò ó sàn, Màmá."

"Àmín." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Má sùn sí Mọ́níyà. Má sì dúró di ìgbà tí o bá rí ìyá rẹ kí o tó bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́run lo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Jésù kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an, kò sì sí ibi tí o kò ti lè bá a, títí kan orí ìjókòó yìí."

Adégòkè ní òun yóò rò ó, kí òun kọ́kọ́ rí ìyá òun ná. Ìyá náà kò bá a jiyàn.

Ní Abẹ́òkúta, ìyá náà dìde. Ó bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Adégòkè ní Àkànní ni. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà kúkúrú, omi ojú rẹ̀ sì kán sí Adégòkè lọ́rùn. Adégòkè rò pé nítorí tòun ni.

"Lọ sílé lónìí, Àkànní."

Ó sọ̀kalẹ̀. Adégòkè kò bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ní Mọ́níyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é títí, kò gbé e. Ó wọ mọ́tò. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ní Fìdítì, àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì dá a mọ̀. Wọ́n kí i káàbọ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé ara Màmá ńkọ́.

Wọ́n ti to bẹ́ǹṣì síwájú ilé. Díákónì Obadiah, ará ìjọ Màmá, mú un lọ́wọ́, ó sọ fún un pé kí Tọ́pẹ́ tó pè é ni Màmá ti kú.

Adégòkè dọ̀bálẹ̀ síwájú òkú ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó dárí ji òun tó tì í lulẹ̀. Ìyá kò dáhùn.

Tọ́pẹ́ kúnlẹ̀ tì í. Ó ní, "Ta ló tì wọ́n, Bùọ̀dá? Màmá ní ilẹ̀ ló ń yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo wa nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá inú rélùwéè yé e. A kì í túfọ̀ lórí fóònù. "Kò yá díẹ̀" ni wọ́n máa ń sọ kí ẹni tó wà lọ́nà lè délé láìséwu. Ìyá náà mọ̀ pé òkú ni Adégòkè ń lọ bá. Ó mọ̀ pé òkú ọmọ òun náà lòun ń lọ bá. Síbẹ̀ ó gbé ẹkún tirẹ̀ tì, ó ń wá ọkàn ọmọ ẹlòmíràn.

Adégòkè jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ìyá rẹ̀ da ọtí sí lọ́jọ́ tó fi ilé sílẹ̀ ló da ìyókù inú ike sí. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún Jésù pé ilẹ̀ kò yọ̀, òun ni òun ti ìyá òun. Ó bẹ̀bẹ̀, Jésù sì gbọ́.

Kò mutí mọ́ títí di òní. Fìdítì ló ń gbé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń gbàdúrà lójoojúmọ́ fún obìnrin kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Adégòkè kò rí ìyípadà yìí kó tó kú. Ìdáríjì kò gba ìyẹn padà fún un.

Ìwọ tó mú ìwé yìí lọ́wọ́, má tan ara rẹ pé ọkàn rẹ kò yá díẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe àìsàn díẹ̀. Bẹ Jésù níbi tí o jókòó sí, má tíì dìde. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò pe àwọn èèyàn rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ara rẹ kò yá díẹ̀. Nígbà yẹn, ìwọ kò ní lè bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.