Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Mọ́tò Bàbá Aránṣọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè kìlọ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ ìfẹ́ aláriwo lẹ̀ ń wá, ẹ pa ìwé yìí dé. Ẹ̀rù ló pọ̀ nínú eléyìí, jẹ́jẹ́ sì ni ẹni tẹ́rù ń bà máa ń sọ̀rọ̀.

Okùn ni wọ́n fi fa mọ́tò náà wọ ọgbà mẹkáníìkì. Obìnrin kan ló wà nídìí ọkọ̀, tépù aránṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó ń tọ́ ọkọ̀ tó ti kú sọ́nà bí ẹni di aláìsàn lọ́wọ́ mú. Mẹkáníìkì dúró, sípánà lọ́wọ́. Ó ti tó ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, kò sì níyàwó.

"Mọ́tò bàbá mi ni," obìnrin náà wí. "Látìgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, bàbá ò jáde nílé mọ́."

"A lè fi ti ìgbàlódé sí i, eléyìí tó ní tọ́bò. Tọ́bò yẹn ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Ṣùgbọ́n á pẹ́ o."

"Ẹ̀yin gan-an ò jọ ẹni tó ń kánjú."

Ó pẹ́ lóòótọ́. Àyè ò gba ẹ́ńjìnnì tuntun, àfi kó gé irin, kó tún jó o pọ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń wá ohun tó máa fi wọn páìpù, aránṣọ bọ́ tépù ọrùn rẹ̀ fún un.

"Ìdí àwọn ìyàwó olówó ni mo fi ń wọ̀n. Kò ní parọ́ fún yín."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Látọjọ́ náà, bí aránṣọ ò bá yà, iṣẹ́ kì í yá a.

Nígbà tó lọ tọrọ aránṣọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, awakọ̀ àtijọ́ kan, bàbá ní, "Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyẹn. Ọjọ́ tó o bá gbé mọ́tò mi dé pẹ̀lú ara líle, máa bọ̀ wá sọ tẹnu ẹ."

Ó fi mọ́tò náà gun òkè dán an wò. Ó sáré dáadáa. Bí ọkọ̀ tọ́bò bá sì sáré bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ìdúró díẹ̀, kí ọ́ìlì lè tu tọ́bò lára. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń padà wọ ọgbà, aránṣọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń juwọ́ sí i. Ó pa ọkọ̀, ó bẹ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tọ́bò ń súfèé, èéfín búlúù ń jáde. Ọ́ìlì ti jóná sínú rẹ̀. Ó ṣì lè rìn tó oṣù méjì. Ìgbà yẹn, ìgbéyàwó á ti kọjá. Ta ni yóò mọ̀?

Ó fi àkísà nu ọwọ́. Ó lọ bá bàbá, ó sọ ohun gbogbo.

"Kí ló ń lé ẹ tó o fi pa á?"

Mẹkáníìkì wolẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹ̀bi kan ọmọbìnrin náà. "Àṣìṣe mi ni, bàbá."

"Mo ní kí ló ń lé ẹ?"

"Èmi ni," ni aránṣọ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni mo juwọ́ sí i."

Bàbá kọjú sí mẹkáníìkì. "O lè bò ó mọ́ mi lójú," ó wí. "O ò bò ó. Lọ tún un ṣe. Kẹ́ ẹ sì lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó yín."

Níta, aránṣọ di ọwọ́ mẹkáníìkì mú, tòun ti gíríìsì.

"Kí lẹ rí gan-an lọ́jọ́ yẹn tẹ́ ẹ fi gbàgbé iṣẹ́ yín?"

Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. Ó mi orí.

"Ẹ má bi mí," ó ní. "Mi ò ní sọ ọ́."