Ìkòkò Oje Rọ́bà Tó Gbóná Jù

"Bọ́tìnnì iná yìí, má fọwọ́ kàn án o. Kí ìkòkò yìí má tutù, kó má sì gbóná. Bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí gan-an ni kó wà títí n ó fi dé."

Báyìí ni àǹtí sọ fún Kíákíá kó tó di ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, tó sì kọrí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe. Àbúrò ìyá Kíákíá ni àǹtí yìí. Orúkọ tí àwọn òbí sọ ọmọ náà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Láti kékeré ló ti máa ń fi ìkánjú ṣe gbogbo nǹkan. Yóò ti gbálẹ̀ tán kí ìgbálẹ̀ tó mọ̀ pé wọ́n gbé òun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣekágbá ni, ó wá ń ran àǹtí lọ́wọ́ ní yàrá iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ti ń ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀yìn ìyá Kíákíá. Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú láyé yìí. Àmọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń rà lọ́jà a máa bá a jà. Bó bá wọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ a pọ́n, a wú, a sì máa yún un. Oje tí igi rọ́bà ń sun ní purotéènì nínú, ara àwọn kan kò sì gba purotéènì náà. Àǹtí wá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kúrò. Ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń rí lára oje ìbẹ́pẹ ló ń dà sí i. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó gé purotéènì wẹ́wẹ́, kí omi lè gbé e lọ nígbà tí wọ́n bá ń fọ rọ́bà. Ṣùgbọ́n kò mọ ìkánjú. Láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì ló fi ń ṣiṣẹ́, inú ooru wẹ́rẹ́ ló sì ti ń ṣe é. Àǹtí a máa fi ṣeré pé òṣìṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni ẹ́ńsáìmù òun: bí ibi tó wà bá tutù, a sùn; bó bá gbóná, a kú. Láti ìgbà tí ìyá Kíákíá ti ń wọ ìbọ̀wọ́ àbúrò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti jinná, àwọn ọmọ tó sì ti gbẹ̀bí wọn kò lóǹkà.

Kò pẹ́ tí àǹtí lọ ni fóònù Kíákíá dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláriwo ni. Ó ní gbogbo kíláàsì ti pé sí etí odò, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ìdágbére, àwọn kan yóò sì kó lọ sí ìlú mìíràn lọ́la. Kíákíá ní òun ń ṣọ́ ìkòkò. Aláriwo rẹ́rìn-ín títí, ó bi í léèrè pé ṣé ìkòkò náà ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá lọ ni. Ó ní kó kúkú fi kún iná rẹ̀, ṣebí ohun tí iná rẹ̀ bá pọ̀ ló ń tètè jinná.

Ọ̀rọ̀ yìí họ Kíákíá níbi tó ti ń yún un. Ó rò ó pé bí iná bá pọ̀ sí i, iṣẹ́ náà yóò ti parí kí àǹtí tó dé. Ó yí bọ́tìnnì sókè, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Fọ́tò ọ̀hún dùn. Wọ́n ya èyí tí wọ́n ti ń fò, wọ́n ya èyí tí wọ́n ti yọ ahọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, ìkòkò náà kò ṣe é fọwọ́ kàn. Ó yí iná wálẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó ń fi páálí fẹ́ ìkòkò. Ó yọjú wo inú rẹ̀, oje náà funfun báláú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló tàn án jẹ, nítorí ojú lásán kò lè mọ èyí tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ́. Nígbà tí àǹtí fi máa wọlé, ìkòkò ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ padà. Ó béèrè bóyá wàhálà kankan ṣẹlẹ̀. Kíákíá ní rárá, ma.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, Kíákíá ni àǹtí ní kó ṣe àyẹ̀wò, torí òun fúnra rẹ̀ ń nu àwọn ọwọ́ tánganran tí wọ́n máa ń rì bọ inú rọ́bà kó lè di ìbọ̀wọ́ lára wọn. Wọ́n á bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife, wọ́n á kán oògùn kan sí i. Bí kò bá pa àwọ̀ dà, ó mọ́ nìyẹn. Bó bá dà bí aró, purotéènì ṣì wà níbẹ̀. Kíákíá kán an sí i, ó sì dà bí aró kedere.

Ó mọ̀ nígbà náà pé òun ti pa òṣìṣẹ́ àǹtí. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò da oje náà nù, àǹtí yóò bínú, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó da ohun tó wà nínú ife náà sí síǹkì, ó ṣí omi lé e lórí.

"Ṣé ó mọ́?" àǹtí béèrè láìgbójú sókè.

"Ó mọ́, ma."

Àǹtí gbà á gbọ́. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí olè? Wọ́n ri àwọn ọwọ́ tánganran bọ inú rẹ̀, wọ́n sá ìbọ̀wọ́ náà gbẹ, wọ́n tò wọ́n sínú páálí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Kíákíá ń tu ara rẹ̀ nínú pé bóyá kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ̀ gbé páálí tuntun náà sábẹ́ apá, inú rẹ̀ dùn, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Kíákíá tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó pè é. Ìyá yíjú padà, ó bi í pé kí ló dé. Kíákíá ní kò sí nǹkan, ó ní kí wọ́n kàn rọra máa lọ.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọjá kọ́nà ni ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó sáré lọ bá àǹtí, ó kúnlẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Àǹtí kò nà án, kò bú u. Fóònù ló gbé. Ó dún títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, nítorí àwọn agbẹ̀bí kì í mú fóònù wọ yàrá ìrọbí. Wọ́n gun alùpùpù. Nígbà tí wọ́n dé géètì, mégádì ní kò tíì tó àkókò ìbẹ̀wò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣàlàyé, ó ní òun kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ rọ́bà báyìí rí, kí wọ́n dúró de ọ̀gá òun. Kíákíá tó ń sáré láti ìgbà tí wọ́n ti bí i dúró sójú kan, kò rí ibi kankan gbà.

Ìgbà tí ọ̀gá náà fi jẹ́ kí wọ́n wọlé, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti ojú gíláàsì ẹnu ọ̀nà, Kíákíá rí ìyá rẹ̀. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́. Orí ọmọ ti yọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọrùn ìyá Kíákíá ti pọ́n, ètè rẹ̀ ti wú, agbára káká ló fi ń mí.

"Màámi, ẹ bọ́ ọ," Kíákíá ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn."

Ìyá gbọ́. Ó gbójú sókè wò wọ́n. Ó ti mọ̀, torí ara rẹ̀ ti sọ fún un ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bọ̀ kò ṣe é dá padà, agbẹ̀bí kì í sì í ju ọmọ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó tẹrí ba, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kíákíá gbé ọwọ́ méjèèjì lé gíláàsì, kò sí ohun tó lè ṣe. Nígbà tí ọmọ náà ké, tí nọ́ọ̀sì kan gbà á, ìyá Kíákíá ṣubú lulẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àti ọ́síjìn ni wọ́n fi dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn tó wá kí i ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n omi tó dànù ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Dókítà ní irú ìjà yìí lè ṣàdédé le lọ́jọ́ kan, àti pé ara tó bá bá rọ́bà jà tó báyìí kò tún gbọdọ̀ sún mọ́ ọn mọ́, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ jù lọ. Rọ́bà ló sì kún yàrá ìrọbí. Wọ́n gbé ìyá Kíákíá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ káàdì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kíákíá gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀. Ó bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìn tábìlì. Ọmọ tuntun kan ké lódìkejì ògiri. Ọwọ́ ìyá gbéra kúrò lórí tábìlì, bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbé nǹkan lé e, ó dúró lófuurufú díẹ̀, ó sì tún padà wálẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Kíákíá kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Dìde," ìyá rẹ̀ ní. "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Àmọ́ ìdáríjì mi kò lè dá mi padà sí yàrá yẹn. Ìgbà tí oje yẹn ṣì wà nínú ìkòkò ló yẹ kí o ti sọ̀rọ̀."

Kíákíá dìde, ó gbé oúnjẹ náà síwájú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná tí Kíákíá yí sókè nìkan ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Ó mọ́" tó sọ nígbà tí ojú rẹ̀ rí aró ló bà á jẹ́ tán. Kò sí ọ̀dọ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Bí tìrẹ bá ṣẹlẹ̀, sọ ọ́ nígbà tí oje ṣì ṣe é dà nù, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì sí ohun tó lè tún ṣe.