Kí Ìdí Má Kọjá Imú

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Saija kọ́kọ́ rí Tarmo, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ọkùnrin náà fi ń bọ̀ wá bá a.

Oṣù kẹwàá ni. Saija ti tu ọkọ̀ ojú omi láti erékùṣù bàbá rẹ̀ wá sí èbúté, ó fẹ́ mú lẹ́tà. Àpótí lẹ́tà àwọn ará erékùṣù tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, gbogbo wọn lórí igi kan ṣoṣo. Ìrì ti dì mọ́ ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ asáré kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè yọ ní kọ́nà. Ìdí rẹ̀ yọ̀ sọ́tùn-ún. Ó yí po, ó gbá igi náà, àpótí fò sínú kòtò, ọkọ̀ sì dúró.

Ọkùnrin kan jáde. Ó ga, ó rù, amọ̀ gbígbẹ wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò wo ọkọ̀. Lẹ́tà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

“Ṣé n kò pa yín lára?” ó béèrè.

“Rárá.”

“Ìdí rẹ̀ ló ṣàdédé yọ̀.”

“Kò ṣàdédé,” ni Saija wí. “Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, àbí?”

“Ẹ̀yìn ni.”

“Ẹ̀rù bà yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì. Ìwúwo ṣí lọ síwájú, ẹ̀yìn fúyẹ́, ó sì fẹ́ ṣáájú yín.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tẹ táyà. Ó le bíi pátákó. “Táyà ìgbà ooru. Nínú oṣù kẹwàá.”

“Ọ̀la ni mo fẹ́ pààrọ̀ wọn.”

“Gbogbo ẹni tó bá bọ́ sí kòtò níbí, ọ̀la ló fẹ́ pààrọ̀ wọn.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Saija kì í bá àlejò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Tarmo lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ààrò mímọ ló ń ṣe, ààrò bíríkì tí ń mú ilé gbóná. Láti etí òkun ni wọ́n ti pè é wá mọ ọ̀kan sí ilé ìjọ. Ọkọ̀ náà, àlòkù tó ti dípẹtà ló rà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún un ṣe, fún ọdún púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó wá pẹ̀lú igi àti ìṣó, ó tún àpótí lẹ́tà kàn. Nígbà tó parí, ó wakọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ Saija. Saija ń kọ́ni ní pápá yíyọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí olúkúlùkù ti ń kọ́ bí ọkọ̀ ti í yọ̀ kó tó gba ìwé ìwakọ̀. Táyà oníṣòó tuntun, irú èyí tí ń di yìnyín mú, ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Tarmo.

“Ẹ kọ́ mi,” ó ní.

“Ẹ ò ní ìwé ìwakọ̀ ni?”

“Mo ní in. Wọ́n kọ́ mi nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà. Èyí yàtọ̀.”

Saija wò ó. Ó fẹ́ràn ẹni tó bá mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí “ẹ” fi di “ìwọ”. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ, Saija á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Má wo òpó yẹn. Ibi tí ojú bá lọ lọkọ̀ ń lọ. Wo ibi tí o fẹ́ dé.”

“Ìdí ń yọ̀.”

“Jẹ́ kó yọ̀. Yí sítíárì sí ọ̀nà tí ìdí ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́, jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Má tẹná, má gbé e. Ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárì. Má sún mọ́ bíréèkì.”

Ọkọ̀ yí po. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún yí po.

“Ìdí ọkọ̀ rẹ mà fẹ́ràn ijó,” ni Saija wí.

“Olùkọ́ ló fẹ́ràn, ló ṣe ń jó.”

“Dojú kọ iwájú, jàre.”

Nígbà tí Kérésì fi dé, ìdí ń yọ̀, ó sì ń padà. Tarmo ti ń pe Saija ní Wúrà mi, bí àwọn olólùfẹ́ ibẹ̀ ti í ṣe. Saija fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ náà kò pariwo. Bó bá jí láàárọ̀, ó ti bá a nílẹ̀.

Ó ku bàbá rẹ̀.

Urpo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ̀ tí ń gbá òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà ló fi ogójì ọdún wà. Kì í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Bí kì í bá ṣe òun ló ń wakọ̀, á fẹsẹ̀ rìn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Impi, ní kódà bó bá kú, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ òkú fúnra òun.

Tarmo wá jókòó nílé ìdáná wọn ní erékùṣù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Impi bu kọfí.

“Ìwọ lo wó àpótí lẹ́tà mi,” ni Urpo wí.

“Èmi ni, Bàbá. Mo ti tún un kàn.”

“Ó tẹ̀.”

“Màá nà án.”

Urpo mu kọfí rẹ̀. “Ogójì ọdún ni mo fi ń fa ọkọ̀ jáde nínú kòtò. Àwọn tó bá fi ọkọ̀ ṣeré, ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n. Mo fa àwọn kan jáde tí wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.”

“Urpo,” ni Impi wí, “ọmọ rẹ ló wá tọrọ. Kò wá ta ọkọ̀ fún ọ.”

“Etí mi ò di.” Ó gbé ife kalẹ̀. “Bí adágún bá dì, tí ọ̀nà orí yìnyín sì ṣí, màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó gbé mi láti ibí dé èbúté. Kí ìdí má kọjá imú. Bó bá kọjá imú, n kò ní wá síbi ìgbéyàwó kankan.”

“Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí,” ni Saija wí. “N kò tọrọ àyè.”

“Mo mọ̀. Fẹ́ ẹ. Mo ní n kò ní wá ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Saija wọ egungun. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní kékeré. Urpo ló di irun rẹ̀ lọ sí ilé ìwé, pẹ̀lú ìka tó tóbi bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣe ìgbéyàwó láìsí i níbẹ̀. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Mo gbà,” ni Tarmo wí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Saija bínú sí i.

“Ta ló ní kí o gbà?”

“O fẹ́ kó wá.”

“Bí ìdí bá wá yí ńkọ́?”

“Màá tún bẹ̀ ẹ́. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, màá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èmi náà lágídí, Wúrà mi. O kàn kò tíì rí i ni.”

Adágún tó yí erékùṣù ká dì. Ní oṣù kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá lu ihò, wọ́n wọn yìnyín, wọ́n gbá ọ̀nà láti erékùṣù dé èbúté, wọ́n sì ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀nà náà ṣe tààrà títí ó fi kù díẹ̀ kó dé èbúté. Níbẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́, yìnyín kò nípọn. Nítorí náà, ọ̀nà yà fún un, ó ṣe kọ́nà kan tó ká.

Ojoojúmọ́ ni Tarmo ń wa kọ́nà náà kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n mú. Ìjì ti jà ní àná, ó ti gbá òjò dídì kúrò. Yìnyín tó kù dán bí àwo. Saija àti Impi dúró ní èbúté, nítòsí kọ́nà. Àwọn ará abúlé tó wá fi ìwọ̀ pẹja láti inú ihò yìnyín, àwọn náà dìde lórí àpótí tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní àwọn kàn ń na ẹsẹ̀ ni.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè náà yọ ní erékùṣù. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tí ń de ìgbànú ọkọ̀ lórí yìnyín, kó lè ṣeé ṣe láti tètè jáde bó bá fọ́. Saija rí orí méjì, fìlà bàbá rẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ọkọ̀ wọ kọ́nà. Ìdí yọ̀.

Ọkàn Saija dúró. Ojú rẹ̀ kò dúró, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó rí táyà iwájú tó yí tẹ̀lé ìdí, kò pọ̀jù, kò kéré jù. Kò gbọ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ohùn padà. Ẹsẹ̀ Tarmo dúró jẹ́ẹ́. Ìdí ti ń padà.

Lójijì, táyà ẹ̀yìn méjèèjì dúró gbagidi.

Ọkọ̀ yí po, ó tún yí, ó sì fi ìdí wọ òkìtì òjò dídì. Imú rẹ̀ kọjú sí erékùṣù.

Urpo jáde, ó gbọn òjò dídì kúrò ní fìlà. Tarmo jáde. Ojú rẹ̀ funfun.

“Ó kọjá imú,” ni ọ̀kan nínú àwọn apẹja wí.

“Èmi ni,” ni Tarmo wí. “Mo ṣì í ṣe.”

Urpo wo ojú yìnyín. Ó yí padà, ó wọ inú ahéré àwọn apẹja, níbi tí Impi gbé kọfí kaná sí.

Saija fa Tarmo lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

“Bíréèkì ọwọ́ ni,” ó wí. “Táyà ẹ̀yìn dúró. Ojú mi ni.”

“Mo ní mo ṣì í ṣe.”

“Èmi ni mo kọ́ ọ, Tarmo. Ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lórí sítíárì. Bàbá ló fà á.”

Àwọn méjèèjì mọ bó ti rí. Ní abúlé náà, ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà ni gbogbo ènìyàn ń wà. Bó bá kọ̀ tí kò yí lórí yìnyín, bíréèkì ọwọ́ ni wọ́n ń fà kí ìdí lè tẹ̀lé. Láti ọmọdé ni ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni ohun tó burú jù tí ènìyàn lè ṣe.

“Ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ ni,” ni Tarmo wí. “Kò rò ó.”

“Kí ló dé tí o fi parọ́?”

“Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ogójì ọdún ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n sí awakọ̀.”

“O fẹ́ gbà pé o pàdánù?”

“N kò pàdánù. Ọ̀la màá tún wá bẹ̀ ẹ́.”

“Màá sọ fún un ohun tí mo rí.”

“Jọ̀ọ́, má sọ ọ́, Wúrà mi. Bí o bá sọ ọ́, ìwọ lo borí rẹ̀. Mo fẹ́ kó fúnra rẹ̀ fi ọ́ fún mi.”

Saija wò ó títí. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, nínú otútù, ó mọ̀ pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn láyé.

“Bó bá kọ̀, màá fẹ́ ọ láìsí i,” ó wí. “Màá sunkún. Màá fẹ́ ọ ṣáá.”

Wọ́n wọlé. Urpo jókòó sídìí tábìlì, ife níwájú rẹ̀. Impi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹja, nítorí kò sí ohun mìíràn tó ṣeé sọ. Saija jókòó kọjú sí bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń yún un. Ó pa á dé. Ìyẹn le fún un ju iṣẹ́ èyíkéyìí tó ti ṣe rí.

Kọfí Urpo tutù. Kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó pẹ́, ó dìde, ó dé fìlà.

“Tarmo.”

Kò tíì pè é lórúkọ rí.

“Bàbá.”

“Ọkọ̀ yẹn ṣì lè rìn?”

“Ó lè rìn.”

“Wá fà á jáde.”

Àwọn apẹja ló bá wọn tì í. Nígbà tó dé ojú ọ̀nà, Urpo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀ sí gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

“Ọkùnrin yìí ti gbá ìdí ọkọ̀ mú. Ọwọ́ mi ló fa bíréèkì.”

“Urpo?” ni Impi wí.

“O gbọ́ mi.”

Ó wọ inú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan àkàrà òyìnbó.

“Ó yá,” ó wí.

Wọ́n lọ. Ìdí yọ̀ ní kọ́nà, ó padà. Wọ́n dé erékùṣù, wọ́n yí, wọ́n ń bọ̀. Tarmo kò dẹ eré rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí tún yọ̀ ní kọ́nà, ó gùn ju ti ìṣáájú lọ. Saija di ọwọ́ Impi mú. Táyà iwájú tẹ̀lé e. Ẹ́ńjìnnì kò yí ohùn padà. Ìdí rọra padà sẹ́yìn imú, ọkọ̀ sì gòkè sí èbúté.

Urpo jáde. Ó na ìka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti kú.

“Kò burú,” ó wí.

Impi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tí òun ti mọ ẹ̀gbọ́n òun, ó ní, òun kò gbọ́ kó yin ẹnikẹ́ni tó báyìí rí.

Urpo yíjú sí Saija. “Kí ẹ ṣe é kí yìnyín tó yọ́. N kò ní máa fi ọkọ̀ ojú omi kó àlejò.”

Saija dì mọ́ ọn. Urpo dúró bí òpó, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ tó tutù náà lé e lórí.

Oṣù kẹta ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó jí, Urpo ti yá ọkọ̀ tó fi ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ó gbá gbogbo ọ̀nà orí yìnyín, ó sì fi eyín irin họ ojú kọ́nà náà títí ó fi rí gbágungbàgun, tí táyà kankan kò lè yọ̀ níbẹ̀.

Impi bá a níbẹ̀, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lọ́rùn rẹ̀.

“O kò tíì gbà á gbọ́ ni, Urpo?”

“Mo gbà á gbọ́,” ni Urpo wí. “Ọmọ mi ló máa gbé.”