Orúkọ Tí Alàgbà Kì Í Pè

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Èyítáyọ̀ kọ́kọ́ rí Ọlọ́rundáre ní gáréèjì Ìkìrun. Omi ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀ bí ó ti ń bi àwọn èrò Òkukù ní orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ kún, ó gbé orí lé sítíárìn, ó sì pe gbogbo orúkọ náà fún Ọlọ́run. Èyítáyọ̀ nìkan ni kò sọ tirẹ̀.

Ẹ̀rù ló bà á. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbàdúrà gan-an nìyẹn. Alàgbà Ọládélé ni bàbá náà, káfíńtà ni ní Inísà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wẹ àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí ìyá wọn bá lọ sọ́jà. Kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó lu agogo kékeré nínú yàrá àdúrà, kó kúnlẹ̀ sórí ẹní, kó sì máa pe aya àti ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò pè é. Kì í pe tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí bá a pè é. Lọ́jọ́ tó ń lọ ra pákó ní Òkukù, ọkọ̀ dojú dé. Òun nìkan ló kú, àwọn èrò tó kù yè é. Láti ìgbà náà ni agogo kò ti dún mọ́.

Ṣùgbọ́n Òkukù ni Èyítáyọ̀ ti ń ṣe tíṣà, ọkọ̀ Ọlọ́rundáre ló sì sábà máa ń bá pàdé.

“Àǹtí aláìlórúkọ, kí ni kí n sọ fún Ọlọ́run pé mo gbé?”

“Ẹ sọ pé ẹ gbé tíṣà tó ti pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.”

Kí ọyẹ́ tó dé, ó ti mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ti ń pè é ní Èyí mi.

Nígbà tó wá tọrọ rẹ̀, Felicia, ìyá Èyítáyọ̀, ní ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ọmọ òun máa tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ lójú fèrèsé bí òun ti ṣe. Ẹ̀rù kan náà wà nínú Èyítáyọ̀. Ó ní kí Ọlọ́rundáre fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Ìyẹn ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Èyítáyọ̀ wá ní kó má wọ ilé àwọn mọ́.

Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan, ìròyìn dé pé bọ́ọ̀sì kan ti takìtì lọ́nà Òkukù. Èyítáyọ̀ pe fóònù Ọlọ́rundáre títí, kò lọ. Ó ṣí yàrá àdúrà. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní bàbá rẹ̀, ó lu agogo. Ó pe ìyá rẹ̀, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀.

“Ọlọ́rundáre,” ó wí. Ó tún un pè.

Felicia ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ dúró níwájú ilé. Ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ Ọlọ́rundáre, kì í ṣe tirẹ̀: òun ló ń kó àwọn tó fara pa nínú bọ́ọ̀sì ọ̀hún lọ sílé ìwòsàn ní Ìkìrun, ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti sọnù. Ìta ló dúró sí, torí wọ́n ti ní kó má wọlé.

“Bọ́ bàtà rẹ, kó o wọlé,” Felicia wí. “Ẹni tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ nínú yàrá yẹn kì í ṣe àlejò níbí.”

Ọlọ́rundáre wo Èyítáyọ̀. “Ẹ̀rù ṣì ń bà ẹ́?”

“Ó ń bà mí gan-an. Máa wa ọkọ̀ rẹ. Pe gbogbo èrò. Èmi ni n ó máa pe tìrẹ.”

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sórí ẹní Alàgbà. Felicia ló lu agogo.