Ó Pè É ní Ọkọ̀ Òkú

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 2020, Morónkẹ́, aya Ọlábọ̀dé, kú níwájú ilé rẹ̀ ní Festac. Àrùn Kòrónà kọ́ ló pa á.

Ọmọ onílẹ̀ ni Ọlábọ̀dé ọkọ rẹ̀ ní Amuwo. Ilẹ̀ àti ilé ni ó ń tà. Òun ni alága kúlóòsì wọn, ìyẹn òpópónà kúkurú tó ní géètì kan ṣoṣo, kọ́kọ́rọ́ géètì náà kì í sì í kúrò ní àpò ṣòkòtò rẹ̀. Kò mutí, kò jalè. Ìgbéraga ni ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀.

Samson, aládùúgbò tí ògiri kan pín ilé wọn, ti ń bá a sọ̀rọ̀ Jésù láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rín ni Ọlábọ̀dé máa ń fi í rín.

"Pásítọ̀ aláìníjọ," ni yóò wí, "ti ẹni tó ń kú lọ ni Jésù rẹ yẹn. Tí mo bá ń kú lọ, màá ránṣẹ́ pè ọ́."

Nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, ìbẹ̀rù gba ìlú. Ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, kò fẹ́ lọ sí ọsibítù mọ́, kó má baà kó Kòrónà níbẹ̀. Àwọn tó ń pe áńbúláǹsì pọ̀ ju ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ. Báyìí ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe dá iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, láìsí dókítà nítòsí, tí àwọn aráyé sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ Kòrónà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ ní tiwa. Láti ìgbà tí a ti mọ áńbúláǹsì, òkú ni a sábà máa ń rí nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi fèrè sìn lọ sí ibojì. Nítorí náà, ọkọ̀ òkú ni Ọlábọ̀dé ń pè é. Nígbà tí ọ̀kan wá gbé ẹnì kan ní kúlóòsì kejì, Ọlábọ̀dé dúró lẹ́nu géètì, ó ní ẹni tí ọkọ̀ òkú bá gbé, kí ará ilé rẹ̀ yáa lọ wá aṣọ dúdú. Ó búra pé ọkọ̀ náà kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà òun láé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Morónkẹ́ ní àyà ń dun òun, ó sì ń ta dé apá òsì. Òógùn bò ó. Ọlábọ̀dé fi ìpara gbígbóná pa á láyà, ó sì gbé àga síta fún un kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Obìnrin náà ní, "Bàbá Láídé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé mi."

Ó dá a lóhùn pé bí wọ́n bá gbé e, Kòrónà ni wọn yóò sọ pé ó ní, àwọn kò sì ní rí ara wọn mọ́. Kí ni àwọn ará kúlóòsì yóò sì máa wí nípa ilé alága?

Samson gbọ́ ìkérora láti ẹ̀yìn ògiri. Ó wá, ó rí i, ó pe áńbúláǹsì lórí fóònù. Wọ́n ní kó ní sùúrù, àwọn mìíràn ń dúró. Ó dúró ti Morónkẹ́, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà lójú títì.

Ojú Morónkẹ́ là. "Wọ́n ti dé," ni ó wí.

Ọlábọ̀dé ti jáde lọ sí géètì. Àwọn méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, aṣọ funfun bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn aládùúgbò lójú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Ẹ ṣìnà," ni ó wí. "Kò sí aláìsàn níbí."

Wọ́n tún bi í. Ó tún sọ ọ́. Ẹnì kan ń dúró dè wọ́n ní Alákijà, wọn kò ráyè àròyé. Wọ́n yí ọkọ̀ padà.

Àga Morónkẹ́ kọjú sí géètì. Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà nígbà tó ń bọ̀. Ó gbọ́ ọ nígbà tó ń lọ. Lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ ṣubú sí èjìká. Samson tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń tẹ àyà rẹ̀ léraléra, ó ń ké pé kí wọ́n tún pe ọkọ̀ náà. Ọkàn Morónkẹ́ kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní kò ní Kòrónà rárá.

Ènìyàn díẹ̀ ló sin ín. Láídé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Ìbàdàn, ọ̀nà sì ti dí. Orí fóònù ni ó ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Ọlábọ̀dé mọ́. Bí fèrè bá dún lójú ọ̀nà Badagry, yóò dìde dúró. Samson ń wá, ìbòmú lẹ́nu, yóò jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ọlábọ̀dé ló kọ́kọ́ lanu.

"Samson, sọ fún mi pé èmi kọ́ ni mo pa á."

Samson wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n, n kò lè purọ́ fún yín. Bóyá ì bá yè, bóyá kò ní yè, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lé ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ padà."

"Ṣé irú èyí ní ìdáríjì?"

"Torí irú èyí gan-an ni Jésù ṣe kú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń lé òun náà padà lẹ́nu géètì. Ẹ ní ti ẹni tó ń kú lọ ni."

Ọlábọ̀dé wo ilẹ̀. "Èmi ni mò ń kú lọ," ni ó wí.

"Ẹ ṣáà ní ẹ máa pè mí."

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Ó pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórúkọ níwájú Ọlọ́run: ìgbéraga, irọ́, ẹ̀mí aya rẹ̀. Ó bẹ Jésù pé kó wọlé.

Ìdáríjì kò jí Morónkẹ́ dìde. Ọlábọ̀dé ṣì ń sunkún, ṣùgbọ́n kò sunkún mọ́ bí ẹni tí a tì sóde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bọ́ àgádágodo kúrò lára géètì.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, orúkọ wo ni ìwọ ń pe Jésù? Ọ̀ràn arúgbó? Ọ̀ràn aláìsàn? Ọ̀ràn ọjọ́ mìíràn? Ẹni tó wá gba ẹ̀mí rẹ là ni o fún ní orúkọ ikú. Ó wà lẹ́nu géètì rẹ báyìí. Kò ní fipá já a, nítorí ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Má ṣe sọ fún un pé kò sí aláìsàn nínú ilé. Ọkàn tó ń lù ní àyà rẹ kò bá ọ dá ọjọ́. Ronú pìwà dà lónìí.

Ohun tí Morónkẹ́ fi sílẹ̀ nìyí: jígí ojú kan, sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ewúro tó gbìn sínú ike, súwẹ́tà tó ń hun fún ọmọ Láídé, tí apá kan ṣẹ́kù, ọkọ kan, àti àga kan tó ṣì kọjú sí géètì.