Ó Ti Lọ Kí Ìyá Tó Dé

Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé náà dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró lójijì, ó fa bébà kan yọ, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Yíǹkì dúdú kùn ún dé ìgúnpá. Oyinkọ́lá, tó ti jókòó sórí páálí láti aago mẹ́wàá, rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ kọ *j'avais allé* fún 'mo ti lọ'. *J'étais allé* ni. Ní Faransé, lílọ àti bíbọ̀ kì í gba *avoir*, *être* ni."

Ojú ti Oyinkọ́lá débi pé etí rẹ̀ gbóná. Òun ni tíṣà Faransé nílé ìwé aládàáni kan ní Ladi-Lak, iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sì gbé wá tẹ̀ ní Ṣómólú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé ẹ̀rí Faransé, *plus-que-parfait* yìí, àsìkò ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí òmíràn tó ṣẹlẹ̀, ló máa ń já a kulẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ti sọ fún un pé bí kò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta, kó má wulẹ̀ padà wá.

"Níbo lẹ ti kọ́ ọ?" ló bi ọkùnrin náà jẹ́jẹ́.

"Kútọnu ni wọ́n bí mi sí. Ìlàjẹ ni wá, apẹja ni bàbá mi. Ọlápọ̀sí lorúkọ mi. Ẹ má bínú, mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa ṣì í sọ ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ilé ìwé bá ti jáde, Oyinkọ́lá á gba òpópónà Pedro kọjá lọ bá a, Ọlápọ̀sí á sì máa kọ ọ̀rọ̀ ìṣe fún un sẹ́yìn bébà tó ti bàjẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò pè é ní àǹtí mọ́.

"Ohun méjì ló ti kọjá," Ọlápọ̀sí á wí. "Wá èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, òun ló ni àsìkò yìí. 'Mo ti jẹun kí o tó dé.' Ó yá, sọ ọ́."

"*J'avais mangé quand tu es arrivé.*"

"Olólùfẹ́ mi, o ò wá lè dúró dè mí ká jọ jẹ ẹ́?"

"Ta ni olólùfẹ́ rẹ?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Tó bá délé, ẹ̀rín náà á pòórá. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Dọlápọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá ọkọ gba Kútọnu lọ sí Gabon. Ó ti bá ìyá wọn jà nítorí ọkọ yìí. Ìyá ronú pìwà dà, ó sáré lọ sí ibùdókọ̀ láti lọ súre fún un, ọkọ̀ ti gbéra. Láti ọdún kejì ni fóònù Dọlápọ̀ kò ti lọ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni Oyinkọ́lá ti sọ fún Ọlápọ̀sí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Ọlápọ̀sí wá kí ìyá ní Bàrígà, àyà Oyinkọ́lá ń já.

"Ọmọ Kútọnu?" ni ìyá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ mi kan ti gba ọ̀nà yẹn lọ. Jọ̀ọ́, má wá síbí mọ́."

Ọlápọ̀sí dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ. Ìyá ní kí Oyinkọ́lá ṣèlérí pé òun ò ní lọ bá a mọ́, ó sì ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kó ṣe ìdánwò. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ Ọlápọ̀sí bá wọlé, á kà á títí, kò ní fèsì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin tó ń bi í léèrè ní kó sọ nípa ọjọ́ kan tí ẹnì kan pẹ́ dé ibì kan. Oyinkọ́lá rántí ibùdókọ̀ náà.

"*Quand maman est arrivée*," ló bẹ̀rẹ̀, "*ma sœur était déjà partie.*" Nígbà tí ìyá mi dé, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "*Elle n'avait pas dit au revoir.*" Kò dágbére.

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀, ó ń gbọ́. Kò sọ fún un lọ́jọ́ náà pé ó ti yege; ìgbà tí èsì jáde ló tó mọ̀.

Nígbà tí Oyinkọ́lá jáde, ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ìyá ti pe òun. Ó sáré délé. Ọlápọ̀sí ló bá lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ìyá wà nínú ilé, fóònù létí, ó ń sunkún.

"Dọlápọ̀, ṣé ò ń jẹun? Má sọ ti ìtìjú fún mi. Ṣé ò ń jẹun?"

Àbúrò bàbá Ọlápọ̀sí tó ń pẹja ní Gabon ló wá Dọlápọ̀ rí, Ọlápọ̀sí sì gbé ìròyìn náà wá. Ọkọ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ojú sì ń tì í láti pe ilé.

Ìyá jáde, ó fi ìró nu ojú. "Ṣé ìgbà tí mo lé ọ lo ránṣẹ́ sí wọn ní Gabon, kí n lè gbà fún ọ?"

"Rárá, mà. Mo ti ránṣẹ́ kí n tó wá kí yín."

"O ò sọ fún mi," ni Oyinkọ́lá wí.

"Ẹ̀rù bà mí. Bí wọn ò bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?" Ó yíjú sí ìyá, ó dọ̀bálẹ̀. "Mà, mo fẹ́ fẹ́ Oyinkọ́lá. Bàrígà níbí la ó máa gbé."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Màámi."

Ìyá bọ́ síwájú, ó di ọwọ́ Ọlápọ̀sí mú, ó gbé e dìde.

"Kí àwọn ẹbí rẹ wá ní Sátidé," ló wí. "Kí wọ́n má pẹ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa retí èèyàn."